Ìyá Olóbì àti Ìgbín Ìsàlẹ̀ Òkun

Ẹni tó bá dé Ìjerò-Èkìtì tó ń wá ilé Tíṣà Adéṣínà, kó má wulẹ̀ béèrè Tíṣà. Tíṣà pọ̀ níbẹ̀ bí ewé. Kó béèrè ilé ọmọbìnrin tó ń ka ìgbín. Ọlọ́kadà àkọ́kọ́ tó bá pàdé ló máa gbé e débẹ̀, á sì máa rẹ́rìn-ín lọ lójú ọ̀nà.

Ìrètí ni ọmọbìnrin náà ń jẹ́, ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Iṣẹ́ rẹ̀ kò rí bí àwọn ará àdúgbò ṣe ń sọ ọ́. Kì í ṣe ìgbín oko, èyí tí à ń fi iyọ̀ bọ́ ikun rẹ̀ kí a tó fi ata dín in. Ọkọ̀ ojú omi kan ló máa ń lọ sí agbami, níbi tí ilẹ̀ kì í ti í hàn, á sọ àwọ̀n irin sínú ibú, á gbá ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun wá sókè. Inú ẹrẹ̀ yẹn ni wọ́n ti ń fi asẹ́ yọ ìkarahun ìgbín. Òmíràn tó ẹ̀wà, òmíràn kò tó hóró ìrẹsì. Ilé ìṣúra ohun àdáyébá kan nílùú òyìnbó, èyí tí wọ́n ń pè ní mùsíọ́ọ̀mù, níbi tí Ìrètí ti kọ́ṣẹ́ fún ọdún méjì, ló ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí i. Á fi maikirosikóòpù wò wọ́n, á ka ìyípo ara wọn, á wọn gígùn wọn, á ya àwòrán ẹnu wọn, á wá sọ ẹ̀yà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́. Èyí tí ayé kò bá tíì mọ̀, òun ni yóò sọ ọ́ lórúkọ.

"Ẹ wo ọmọ tí mo rán lọ sí yunifásítì," Tíṣà máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn ìsìn, "ìgbín tí kò ṣe é sè ló ń bá ṣiṣẹ́." Òun nìkan ló láṣẹ àtifi ṣe yẹ̀yẹ́ o. Bí ẹlòmíràn bá dán an wò, ojú Tíṣà á le koko.

Ọjọ́ tí Kọ́láwọlé kọ́kọ́ wọ ilé náà, ínfátà ló kú. Ọmọ Odò-Ọwà ni, ẹni ọdún méjìlélọ́gbọ̀n tó ń ṣe iṣẹ́ iná àti sólà káàkiri gbogbo agbègbè. Ó tọ wáyà lọ, ó tọ wáyà bọ̀, wáyà sì mú un dé yàrá iṣẹ́ Ìrètí, níbi tí àwọn ìgò wẹ́wẹ́ tò sí lórí tábìlì.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lẹ ń tà?"

"Mi ò ta nǹkan kan. Ẹ má fọwọ́ kàn án."

"Mi ò ní fọwọ́ kàn án. Ojú nìkan ni mo fẹ́ fi kàn án."

Ìrètí kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín sì jáde. Ó sún àga fún un kó yọjú wo maikirosikóòpù. Kọ́láwọlé tẹ̀ mọ́ ọn títí, Ìrètí sì rò pé bóyá ó ti sùn.

"Ta ló ṣe gbogbo ọnà yìí sí i lára?"

"Kò sẹ́ni tó ṣe é. Bó ṣe dàgbà nìyẹn."

"Nínú òkùnkùn biribiri, níbi tí kò sẹ́ni tó máa rí i?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹni tó bá ń ṣoge níbi tí kò sẹ́ni tó ń wò ó, ẹni gidi ni." Ó gbójú sókè. "Ìwé pélébé inú ìgò yìí ńkọ́?"

"Ìwé ìlú rẹ̀ ni. Ibi tí wọ́n ti rí i, bí ibẹ̀ ṣe jìn tó, ọjọ́ tí wọ́n gbé e. Pẹ́ńsù la fi ń kọ ọ́ kí omi má baà pa á rẹ́. Bí ìkarahun bá yà kúrò lọ́dọ̀ ìwé rẹ̀, ó di ohun lásán. Kò sẹ́ni tó máa mọ ilé rẹ̀ mọ́."

Ìdáhùn yẹn kò ní ìfẹ́ kankan nínú, ṣùgbọ́n bí Kọ́láwọlé ṣe gbọ́ ọ ni Ìrètí kò lè gbàgbé. Kò fi ṣẹ̀fẹ̀. Ó mi orí, ó ní, "Òótọ́ ni," ó sì padà sídìí wáyà rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì, ó ní òun wá wo bátìrì. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ní òun fẹ́ wo bóyá òjò ti kán sí pánẹ́ẹ̀lì orí òrùlé. Nígbà tó di oṣù kejì, Tíṣà gbé ìwé ìròyìn kúrò lójú.

"Ìrètí, ínfátà yìí kò ṣàìsàn mọ́, ṣùgbọ́n dókítà rẹ̀ ò yéé wá o."

Oṣù mẹ́jọ kọjá báyìí. Ọjọ́ kan ni àpótí ẹrù tuntun dé Àrámọ̀kọ, Kọ́láwọlé sì fi alùpùpù rẹ̀ gbé Ìrètí lọ gbà á. Ìgò mọ́kànlélógójì ló wà nínú rẹ̀, ẹrù tó pọ̀ jù lọ tí wọ́n tíì fún un. Bí wọ́n ṣe ń padà bọ̀, Kọ́láwọlé dúró lọ́dọ̀ ìyá kan tó ń sun ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Ìrètí kò lè gbé àpótí sílẹ̀, nítorí náà Kọ́láwọlé ń bu ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i lẹ́nu, ìyá náà sì ń wò wọ́n bí ẹni tó ń wo sinimá.

"Ìrètí, mo fẹ́ fẹ́ ọ. Láti àná ni mo ti ń ṣa ọ̀rọ̀ dídùn jọ, gbogbo rẹ̀ ti fò lọ."

Ó kù díẹ̀ kí àpótí bọ́. "Jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé ẹrù yìí délé láìfọ́."

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni ni," ni Ìrètí wí, inú rẹ̀ sì dùn débi pé kò mọ̀gbà tó jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà tán.

Naomi ni wọ́n fi ṣe alárenà. Ẹ̀gbọ́n Kọ́láwọlé ni, télọ̀ ni ní Ìjerò, ẹnu rẹ̀ sì dùn ju ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ. Lọ́dọ̀ Tíṣà, ọ̀rọ̀ kò gùn. Ìyá Ìrètí ti lọ wẹ ọmọ fún ẹ̀gbọ́n Ìrètí l'Ékòó, wọ́n pè é lórí fóònù, ó sì kígbe ayọ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá Kọ́láwọlé ní Odò-Ọwà ni ẹsẹ̀ ti kọ.

Ìyá Naomi, tó bí òun àti Kọ́láwọlé, ti ń ra obì, ó ti ń ta obì fún ọgbọ̀n ọdún. Àgbà ni nínú àwọn ìyá aládùúrà, kò sì sí ìṣọ́ òru tó ń pa jẹ. Gbogbo ohun tó gbọ́ nípa Ìrètí ló tẹ́ ẹ lọ́rùn, àfi ìgbà tí Naomi, tó rò pé òun ń yin ọmọ náà, sọ pé láti ìsàlẹ̀ òkun ni wọ́n ti ń kó iṣẹ́ wá fún un. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni Kọ́láwọlé kò fi yọjú sí Ìjerò. Ìrètí ń wo ẹnu ọ̀nà, ó ń wo fóònù, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun kò wo nǹkan kan. Nígbà tí Kọ́láwọlé dé, ojú rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì.

"Yèyé ní àwọn ò gbà. Wọ́n ní ohun tí Ọlọ́run fi omi bò, kí ló dé tí èèyàn ń tú u? Wọ́n ní ọmọbìnrin tí òkun ń fi ẹrù ránṣẹ́ sí, òkun ló ni ín. Pé ọkọ ti wà fún ọ nísàlẹ̀ omi."

"Kí lo wá sọ?"

"Mo ní mo ti wo gbogbo ìgò yẹn, mi ò rí ọkọ kankan níbẹ̀."

Ìrètí rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi di ẹkún. Ó nu ojú. "Ní kí wọ́n wá fojú ara wọn rí i. Ohun téèyàn kò mọ̀ ló ń bani lẹ́rù."

Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n lèyí lẹ́nu rẹ̀, àṣé òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣí ilẹ̀kùn fún wàhálà. Ẹni tó ń wádìí àna kì í dájọ́. Ìyá Naomi kò sọ fún Naomi, kò sọ fún Kọ́láwọlé. Ọjọ́ ìṣẹ́gun kan tí Ìrètí lọ sí Adó lọ ra gílóòbù maikirosikóòpù rẹ̀, ìyá gun ọkọ̀ ní Odò-Ọwà, ó gbé ike omi àdúrà dání, ó fi ìgò òróró ólífì sápò, ó sọ̀ sí ilé Tíṣà. Wọ́n kí ara wọn dáadáa. Ó ní òun fẹ́ gbàdúrà díẹ̀ nínú yàrá ọmọ àwọn.

"Ah, Màmá, àdúrà kì í pọ̀ jù," Tíṣà wí, ó fi yàrá hàn án, ó padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìwé ìròyìn sì bò ó lójú pẹ̀lú oorun.

Orin Dáfídì ni Ìrètí ń gbọ́ bó ṣe ń wọlé. Ó ṣí ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́. Ìyá Naomi wà lórí ìkúnlẹ̀, básíà kan wà níwájú rẹ̀, omi àti òróró ń dán lójú básíà náà. Ìgò mọ́kànlélógójì wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ṣófo. Àwọn ìwé pélébé léfòó. Gbogbo ìkarahun ti di òkìtì kan nísàlẹ̀ básíà.

"Ó ti parí, ọmọ mi!" ìyá wí, òógùn sì ń dán níwájú orí rẹ̀. "Mo ti wẹ gbogbo rẹ̀ nù. O ti di òmìnira."

Ìrètí jókòó sílẹ̀, ó fi ìka méjì mú ìkarahun kan. "Màmá, inú ìgò wo lèyí ti jáde?"

"Ìgò kí ni? Ṣebí òkun kan náà ni gbogbo wọn ti wá."

"Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ibi tí wọ́n ti wá, Màmá. Èyí sí ìkejì rẹ̀ lè jìnnà ju Ìjerò sí Kánò lọ."

Bó ṣe sọ ọ́, kò pariwo, ìyẹn ló jí Tíṣà. Nígbà tó rí básíà, ohùn olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìntì padà sí i lọ́fun. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde nínú ulé mi! Uṣẹ́ tó yẹ kó gba ọmọ mi lọ́dún kan! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lè da uṣẹ́ ọmọ mi nù kó tó di ìyàwó yín, kí lẹ máa ṣe nígbà tó bá di ìyàwó? Kò sí ìdána. Kò sí mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Ó parí!" Apá kan ìbínú náà jẹ́ ti ara rẹ̀, nítorí òun ló ṣílẹ̀kùn tó lọ sùn, ìyẹn sì mú kó pariwo ju bó ti yẹ lọ.

Ìrètí sá ìkarahun sí orí aṣọ funfun. Ìgò mọ́kàndínlógún ló ti ya fọ́tò wọn. Ìyẹn ṣe é dá padà. Méjìlélógún yòókù, kò sí fọ́tò. Ó kọ í-meèlì sí ilé ìṣúra, ó sọ òótọ́ bó ṣe rí. Èsì wọn kò ní ọ̀yàyà kankan. Èyí tó bá lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀, kó dá a padà sínú ìgò. Èyí tí kò bá lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀, kó kọ ọ́ sí i pé ilé rẹ̀ kò dájú. Wọ́n á ka ìròyìn rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún, wọ́n á sì mọ̀ bóyá wọ́n á tún fi ẹrù ránṣẹ́.

Kọ́láwọlé ń wá sí ẹnu géètì lójoojúmọ́. Tíṣà kò jẹ́ kó wọlé. Ìrètí ń yọjú sí i láti fèrèsé, wọ́n ń fi fóònù bá ara wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọ̀kan wà ní Kánò.

"Ṣé o ṣì fẹ́ mi?"

"Mo fẹ́ ọ. Ìyẹn kọ́ ni ìbéèrè mi." Ọkàn Ìrètí ń dùn ún bó ṣe ń sọ ọ́. "Ṣé gbogbo ìgbà tí mo bá jáde nílé ni mo máa máa bẹ̀rù ohun tí mo máa padà bá? Dá mi lóhùn, Kọ́láwọlé."

Kọ́láwọlé gun alùpùpù rẹ̀ lọ tààrà sí Odò-Ọwà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, Naomi ló wá ròyìn rẹ̀ fún Ìrètí. Kọ́láwọlé kò bá ìyá rẹ̀ jà. Ó kàn jókòó tì í níbi tó ti ń di obì, ó ní, "Yèyé, bí ẹnì kan bá da agbọ̀n obì Ìlogbò àti ti Ìjerò àti ti Àrámọ̀kọ pọ̀ mọ́ ara wọn lójú yín ńkọ́, tó ní òun ń ràn yín lọ́wọ́?"

"Ta ló jẹ́ dán an wò?" ìyá dáhùn kíá. Ló bá gbé obì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Naomi ní kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ọjọ́ kejì, òun àti Naomi dé Ìjerò. Ó kúnlẹ̀ fún Tíṣà lójú gbogbo ẹni tó ń kọjá.

"Ah, ah, Màmá, ẹ dìde! Ẹ má fi ìkúnlẹ̀ yín ṣẹ́gun mi." Tíṣà wo òsì, ó wo ọ̀tún. "Mo ti dárí jì yín. Ìgbéyàwó ni mi ò tíì sọ̀rọ̀ rẹ̀ o."

Ìyá ní òun fẹ́ rí ohun tí òun bàjẹ́. Ẹ̀rù ba Ìrètí, ṣùgbọ́n ó mú un wọlé. Lẹ́nu ọ̀nà, ìyá dúró. "Ṣé mo lè fọwọ́ kàn án?" Ìrètí fún un ní ẹ̀mú kékeré àti díńgí tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Ìyá Naomi gbé ìkarahun kan sókè, ó wo ihò ẹnu rẹ̀. Ó gbé òmíràn.

"Ẹrẹ̀ ibi tí èyí ti wá pupa. Ti èyí rí bí eérú. Èyí náà rí bí eérú, ṣùgbọ́n ti tẹ́lẹ̀ yẹn ní àwọ̀ ewé díẹ̀ nínú."

"Ẹ̀yin ti fọ̀ ọ́, Màmá."

"Obì tó bá ti oko ilẹ̀ pupa wá, fọ̀ ọ́ títí, pupa á kù sí kọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Mo lè sọ oko ẹni tó tà á fún mi."

Oríṣi ẹrẹ̀ mẹ́rin péré ni Ìrètí ń fojú ara rẹ̀ rí. Ó pinnu láti dán ìyá wò. Ó kó ti inú ìgò mọ́kàndínlógún tó ní fọ́tò, ó dà wọ́n pọ̀, kò sọ pé ìdánwò ni. Ọ̀sán mẹ́ta ni ìyá fi ṣà wọ́n, ó ń ṣà wọ́n bí ẹni ṣa obì, tó bàjẹ́ lọ́tọ̀, tó dára lọ́tọ̀, oko kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Tíṣà ń gbé tíì wá. Ọjọ́ kẹta, ó ti ń jẹ obì ìyá. Nígbà tí Ìrètí wá gbé fọ́tò jáde, gbogbo rẹ̀ ló bá fọ́tò mu, àfi ìkarahun kan ṣoṣo tí ìyá yọ kúrò lára ti ìgò keje.

"Màmá, inú ìgò keje lèyí wà. Fọ́tò rẹ̀ rèé."

"Ó lè jẹ́ ulé kan náà ni wọ́n ń gbé. Mo ní kì í ṣe ọmọ ìyá wọn."

Ìrètí fẹ́ jiyàn. Ó ti wo ìkarahun yẹn ní ìgbà márùn-ún. Ó gbé e sábẹ́ maikirosikóòpù láti fi hàn án. Ṣóńṣó orí àwọn yòókù ní ilà wẹ́wẹ́. Ti èyí ń dán. Ilà ara àwọn yòókù dé ẹnu. Ti èyí dúró lọ́nà. Ó ṣí gbogbo ìwé tó ní, ó wá a títí ìrọ̀lẹ́, kò rí irú rẹ̀ níbì kankan.

"Màmá," ó wí, "kò sẹ́ni tó mọ eléyìí láyé yìí. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n."

"Èmi ò mọ̀ ọ́n. Mo kàn rí i pé àlejò ni."

Ilé ìṣúra ní ẹrẹ̀ ibi kọ̀ọ̀kan nípamọ́. Ìrètí bẹ̀ wọ́n, wọ́n fi ẹ̀kún ṣíbí kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́, ìyá sì fi wọ́n mọ ilé ogún ìgò nínú méjìlélógún. Méjì tó kù, Ìrètí kọ ọ́ sí wọn lára pé kò dájú, ó kọ bí gbogbo rẹ̀ ṣe ṣẹlẹ̀ sínú ìròyìn rẹ̀ láìfi òróró pamọ́. Wọ́n gbà á, wọ́n ní ẹrù tuntun ń bọ̀.

Ó wá ku orúkọ. Ìrètí ní orúkọ ìyá, Abíọ́dún, ni òun fẹ́ fi sọ ìgbín àlejò náà.

"Orúkọ mi? Lára nǹkan òkun? Rárá o!" Ìyá fò dìde. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó pe Ìrètí lórí fóònù ní kùtùkùtù. "Mo ti gbé e síwájú Ọlọ́run. Ó ní kò burú."

Síbẹ̀, Tíṣà kò tíì sọ bẹ́ẹ̀ ni. Ó gbà kí ìdílé méjèèjì jókòó, ṣùgbọ́n ó ní ìbéèrè kan ni òun ní. Ọjọ́ sátidé náà, ìyá Ìrètí ti dé láti Èkó, wọ́n kún pálọ̀. Kọ́láwọlé dọ̀bálẹ̀ títí agbádá rẹ̀ fi mọ eruku. Ìrètí wà lẹ́yìn aṣọ ẹnu ọ̀nà, ó ń fetí sílẹ̀, nítorí ó mọ ìbéèrè náà, kò sì mọ ìdáhùn rẹ̀.

"Màmá," Tíṣà wí, "ẹ̀yin ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dá mi lóhùn, kì í ṣe Kọ́láwọlé. Bí ọmọ mi bá dé ulé yín ní Odò-Ọwà, níbo ni uṣẹ́ rẹ̀ máa wà tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò ní tó o?"

Ìyá Naomi tú ìdí ìró rẹ̀, ó yọ kọ́kọ́rọ́ kan jáde.

"Yàrá tí mo ń kó obì sí ló tutù jù nínú ulé wa. Ọgbọ̀n ọdún ni obì fi wà níbẹ̀. Láti ìjẹta, obì ti wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kọ́láwọlé ti fa iná wọ yàrá yẹn, ó ti kan tábìlì." Ó gbé kọ́kọ́rọ́ sókè. "Ọ̀kan ṣoṣo lèyí. Kò sí ìkejì lọ́wọ́ mi, kò sí lọ́wọ́ ọmọ mi. Ìrètí dà?"

Ìrètí jáde, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Kò mọ̀ pé òun ń sunkún títí Kọ́láwọlé fi na áńkáṣíìfù sí i. Tíṣà tẹjú mọ́ àjà bí ẹni tó ń wá ibi tí òjò ti ń jò, ó ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá, ó tó.

Wọ́n ṣègbéyàwó lẹ́yìn Àjíǹde. Ọjọ́ kẹrin tí Ìrètí wọ ilé ọkọ, ó sọ̀ sí ọjà Ìjerò, ó dúró lọ́dọ̀ ẹni tó ń gé kọ́kọ́rọ́. Nígbà tó padà dé, Ìyá Naomi wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fi ewé bo obì. Ìrètí gbé kọ́kọ́rọ́ tuntun sí i látẹ́lẹwọ́.

"Kí lèyí?"

"Ẹrù tuntun ti dé láti Àrámọ̀kọ, Màmá, ó wà nínú yàrá. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò wọ́n kí n tó sọ ohunkóhun nípa wọn. Bí ẹ bá ti ọjà dé kí n tó dé lọ́la, ẹ ṣílẹ̀kùn, kẹ́ ẹ wọlé."